Bí a ṣe ń yọ aṣàwákiri tí a kò fẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà

Ẹ ra láptọ́ọ̀pù, ẹ gbé e délé, ẹ sì ti gbé Firefox tàbí Chrome, aṣàwákiri (browser) tí ẹ fi ń ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, sórí rẹ̀ bó ṣe wù yín. Ẹ wá tẹ líǹkì kan tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí yín nínú ímeèlì. Kàkà kí aṣàwákiri tiyín ṣí, òmíràn tí ẹ kò fi ọwọ́ ara yín gbé síbẹ̀ ló yọjú. Ó ń bi yín pé ṣé kí òun máa ṣí gbogbo líǹkì yín láti òní lọ, ó sì ń tú ìròyìn àti àwòrán jáde lórí dátà tí ẹ fi owó yín rà. Inú máa ń bí ènìyàn ní irú àkókò yìí, ọwọ́ á sì máa yún wọn láti lọ pa fódà rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti ṣe é rí. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan wá fún mi pé kí n bá àwọn tọ́jú rẹ̀. Mo wọ inú Program Files (x86), mo sì pa gbogbo fódà tó ní orúkọ Edge lára rẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tó ni ín pè mí: ímeèlì rẹ̀ kò ṣí mọ́, ètò tó fi ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìpàdé náà kò ṣí. Odidi ọ̀sán ni mo fi tún ohun tí mo bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì ṣe. Ohun tí mo kọ́ ni pé àwọn aṣàwákiri kan wà tí a lè fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ọ̀kan wà tí a lè pa bí ẹni pa iná, àwọn kan sì wà tí ilé fúnra rẹ̀ gbára lé, tí a kò lè yọ, àmọ́ tí a lè mú kó dákẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èwo ló wà níwájú yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Èwo ló wà níwájú yín?

Ẹ wo irú Windows tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín ná. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ R, ẹ kọ winver sínú àpótí kékeré tó bá ṣí, kí ẹ sì tẹ Enter. Yóò sọ fún yín bóyá Windows 10 ni tàbí Windows 11, nítorí ọ̀nà tí a ó gbà yàtọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Settings, kí ẹ lọ sí Apps. Lórí Windows 11, ẹ tẹ Installed apps. Lórí Windows 10, Apps & features ni orúkọ rẹ̀. Ẹ wá orúkọ aṣàwákiri náà nínú àkójọ tó bá jáde, kí ẹ sì wo bọ́tìnnì Uninstall rẹ̀. (Lórí Windows 11, ẹ ó kọ́kọ́ tẹ àmì róbótó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà.)

Bí Uninstall bá ń dáhùn, a jẹ́ pé ẹnìkan ló gbé aṣàwákiri yẹn lé Windows lórí. Ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ ẹni tó tà á fún yín, ó sì lè jẹ́ ètò mìíràn ló fà á wọlé. Opera, Brave, Chrome, Firefox àti àwọn aṣàwákiri tó ń bá ètò agbógunti kòkòrò kọ̀ǹpútà rìn wà lára irú èyí. Àwọn ni wọ́n rọrùn jù.

Bí kò bá sí níbẹ̀, tó jẹ́ pé abẹ́ Optional features lẹ ti rí i, Internet Explorer ni. Bí ó bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí Uninstall rẹ̀ ṣú, tí kò dáhùn, tàbí tó jẹ́ Modify nìkan lẹ rí, Microsoft Edge ni, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn ń rò fún mi. Mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ kó ẹrù yín jáde ná

Ẹ rí i dájú pé aṣàwákiri tí ẹ fẹ́ràn ti wà lórí kọ̀ǹpútà, pé ó sì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó yọ èyí tí ẹ kò fẹ́. Bí ẹ bá yọ ẹyọ kan tó wà níbẹ̀, kí lẹ ó fi wá òmíràn? Bó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín tẹ́lẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ṣí Microsoft Store, ẹ wá Firefox níbẹ̀. Tàbí kí ẹ ṣí ètò tó ń jẹ́ PowerShell, kí ẹ kọ èyí sí i, kí ẹ sì tẹ Enter:

winget install Mozilla.Firefox

Bó bá jẹ́ Chrome lẹ fẹ́, ẹ fi Google.Chrome rọ́pò Mozilla.Firefox. Kọ̀ǹpútà yóò lọ gbé e wá fúnra rẹ̀.

Ẹ wá ronú sí ohun tí ẹ ti fi pamọ́ sínú aṣàwákiri tó ń lọ. Kódà ẹni tó ní òun kì í lò ó lè ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà (password) ìkànnì báǹkì tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀ láìfura. Nínú Firefox, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ General, kí ẹ wá Import Browser Data. Nínú Chrome, ẹ kọ chrome://settings/importData sí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí. Àwọn méjèèjì á bi yín pé inú aṣàwákiri wo ni kí àwọn ti kó ẹrù. Ẹ yan orúkọ rẹ̀, ẹ fi àmì sí ohun tí ẹ fẹ́ kó, ó tán.

Nígbà mìíràn, àwọn ojú-ewé tí ẹ fi pamọ́ á tẹ̀lé yín ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣínà kò ní tẹ̀lé wọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ Edge ni aṣàwákiri tó ń lọ, ẹ padà sínú rẹ̀, ẹ wá Passwords nínú Settings rẹ̀, kí ẹ sì lo Export passwords. Fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .csv ló máa fún yín, èyí tí ẹ ó gbé lé aṣàwákiri tuntun lọ́wọ́. Mo ní láti tẹnu mọ́ ọn gidigidi: gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà yín ló wà ní ìhòòhò nínú fáìlì yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ẹ má ṣe fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má ṣe é ní káfè, ẹ má sì jẹ́ kó sùn mọ́jú lórí kọ̀ǹpútà. Ní kété tí ẹ bá ti gbé e wọlé tán, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì lọ kó Recycle Bin dànù.

Èyí tí ẹnìkan gbé lé Windows lórí

1. Ẹ pa gbogbo fèrèsé aṣàwákiri náà dé. Ẹ di Ctrl àti Shift mú, kí ẹ tẹ Esc. Task Manager ló máa ṣí. Bí ẹ bá ṣì rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ ẹ́, kí ẹ yan End task.

2. Ẹ padà sí àkójọ inú Apps, ẹ tẹ Uninstall, ẹ sì tún un tẹ̀ láti fi dá a lójú.

3. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń bi yín bóyá kí àwọn pa ohun tí ẹ ti fi pamọ́ rẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti kó ẹrù yín jáde, ẹ fi àmì sí àpótí yẹn. Àwọn kan á tún bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dúró, tàbí kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń lọ. Ẹ ka bọ́tìnnì dáadáa, nítorí èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú méjèèjì lè jẹ́ èyí tó ń sọ pé kó dúró.

4. Ẹ tẹ Restart. Lẹ́yìn èyí, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ R, ẹ kọ %localappdata% síbẹ̀. Bí fódà tó ń jẹ́ orúkọ aṣàwákiri náà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè pa á rẹ́ báyìí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ètò fúnra rẹ̀ ti lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú %appdata%.

Bó bá padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ṣì wà nílé. Ẹ padà sí àkójọ Apps, kí ẹ tò ó gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn wọlé, kí ẹ wo ohun tó wọlé ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ètò kan tó ń yí fídíò padà, tàbí èyí tí wọ́n ní ó ń mú kọ̀ǹpútà yára, ni ẹ sábà máa rí. Òun lẹ ó kọ́kọ́ yọ. Kí ẹ sì wo inú aṣàwákiri tó kù, ní ibi tí Extensions wà, bóyá ó ti sọ nǹkan kékeré kan síbẹ̀ tó ń yí ojú-ewé ìṣáájú yín padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Windows Security, ẹ lọ sí Virus & threat protection, kí ẹ jẹ́ kó yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò pẹ̀lú Full scan.

Fún láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ìmọ̀ràn mi le díẹ̀. Bí ẹ bá rí aṣàwákiri tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí lórí rẹ̀, ẹ kò mọ ohun mìíràn tí ẹni tó lò ó ṣáájú yín gbé síbẹ̀. Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì kankan sí i, ẹ nu gbogbo rẹ̀ dànù, kí ẹ gbé Windows tuntun lé e láti inú fláàṣì tí ẹ fi Media Creation Tool tí Microsoft ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe. Bí Windows orí kọ̀ǹpútà náà bá ti ní ìwé àṣẹ tòótọ́ tẹ́lẹ̀, á dá a mọ̀ padà nígbà tó bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkàn yín á sì balẹ̀.

Internet Explorer

Àwọn tó ti ń lo kọ̀ǹpútà láti ìgbà Windows 98 mọ èyí dáadáa. Microsoft gbé e jáde ní 1995, nígbà tó sì di 1998 ó ti so ó mọ́ inú Windows débi pé ènìyàn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìsopọ̀ yìí wà lára ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà tìtorí rẹ̀ gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù karùn-ún 1998. Ní Yúróòpù, wọ́n ní kí Microsoft máa gbé àwọn aṣàwákiri mìíràn síwájú ènìyàn kó yan èyí tó wù ú. Nígbà tí ojú-ìwé àṣàyàn náà kò sì hàn lórí ọ̀pọ̀ Windows 7, wọ́n ní kó san owó ìtanràn mílíọ̀nù 561 yúrò ní 2013. Mo sọ ìtàn yìí kí ẹ lè mọ̀ pé ìbéèrè tí ẹ ń bi, pé kí ló dé tí n kò lè yọ ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, àwọn adájọ́ ti bi í ṣáájú yín.

Ní 15 oṣù kẹfà 2022 ni Microsoft fẹ̀yìn Internet Explorer 11 tì, nígbà tó sì di 14 oṣù kejì 2023, wọ́n pa á lórí ọ̀pọ̀ jù lọ Windows 10: bí ẹ bá tẹ ẹ́, Edge ló máa ṣí. Lórí Windows 11, kò tilẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí aṣàwákiri tó dá dúró. Bí àmì rẹ̀ bá ṣì wà lórí Windows 10 yín, ẹ lọ sí Settings, Apps, Optional features, ẹ tẹ Internet Explorer 11, ẹ yan Uninstall, kí ẹ sì tẹ Restart. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ ṣí Control Panel, ẹ wọ Programs, ẹ tẹ Turn Windows features on or off, kí ẹ yọ àmì kúrò nínú àpótí rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló lè dá yín dúró. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ní ìkànnì àtijọ́ tó jẹ́ pé Internet Explorer nìkan ló lè ṣí i, wọ́n sì ń ṣí i nínú Edge ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní IE mode. Bí ẹ bá yọ Internet Explorer 11 báyìí, IE mode náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ ni, ẹ bi ẹni tó ń bójú tó wọn léèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Edge

Edge bá Windows 10 wọlé ní oṣù keje 2015. Ní oṣù kìíní 2020, Microsoft tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, ó sì gbé e ka orí Chromium, ìpìlẹ̀ kan náà tí Chrome dúró lé. Ó yára, ó sì ní ààbò tó dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ènìyàn kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún un pé kó máa lọ.

Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ yẹn ṣá. Nítorí òfin Digital Markets Act ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti oṣù kẹta 2024 ni ẹni tó bá wà ní orílẹ̀-èdè 30 tí wọ́n ń pè ní EEA ti lè yọ Edge pẹ̀lú Uninstall lásán, bí ẹni yọ ètò yòówù. Bí ẹ bá ń gbé ní Jámánì, Faransé, Ítálì, Sípéènì tàbí Ireland, ẹ lọ sí Installed apps, iṣẹ́ ti parí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí lára wọn. Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Amẹ́ríkà náà kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan á ní, ṣé ẹ ò kúkú yí Region inú Settings sí Jámánì ni? Kò ní ṣiṣẹ́. Orílẹ̀-èdè tí ẹni tó kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà náà yàn ní ọjọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni Windows ń wò, kò sì ṣeé yí padà àfi bí a bá nu kọ̀ǹpútà náà tí a sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Èyí ló fà á tí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ méjì fi lè wà lórí tábìlì kan ní Ikeja, kí ọ̀kan tó ti Jámánì wá gbà kí ẹ yọ Edge, kí èkejì tó ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù wá sì kọ̀ jálẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dán Uninstall wò kí ẹ tó gbà pé kò ṣeé ṣe.

Ẹ ó tún rí àwọn tó ń sọ pé kí ẹ wọ fódà Installer inú Edge, kí ẹ lo setup.exe pẹ̀lú àṣẹ --force-uninstall. Ó ṣiṣẹ́ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n àwọn Edge tuntun kì í dá a lóhùn mọ́, kódà níbi tó bá ti ṣiṣẹ́, ìmúdójúìwọ̀n (update) Windows lè gbé e padà wá. Àwọn mìíràn á fún yín ní ètò kékeré tí wọ́n kọ fúnra wọn, wọ́n á ní kí ẹ fi agbára Administrator ṣí i. Ẹ rò ó wò: ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé lé ẹni tí ẹ kò mọ̀ lọ́wọ́, nítorí kó lè bá yín yọ àga kan.

Ohun tó bà jẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní WebView2. Inú fódà EdgeWebView ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Edge. Àwọn ètò tó ní láti fi ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì hàn nínú ara wọn, bíi Outlook tuntun àti Teams, òun ni wọ́n ń lò. Kì í ṣí fèrèsé fúnra rẹ̀, kì í sì bi yín ní ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kó wà.

Ẹni tí Uninstall kò bá dá lóhùn, ohun tó kù ni láti mú kí Edge dákẹ́. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, ẹ lè lo oṣù mẹ́fà láì rí ojú rẹ̀:

1. Ẹ gba líǹkì lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Apps, Default apps, ẹ tẹ orúkọ aṣàwákiri tiyín, kí ẹ sì tẹ Set default lókè. Ẹ má kúrò níbẹ̀ o. Ẹ wo àkójọ tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ rí i pé .htm, .html, HTTP àti HTTPS ti yí sí tiyín. Ẹ wo .pdf dáadáa, nítorí ọ̀tọ̀ ni òun, ibẹ̀ sì ni Edge ti sábà máa ń yọjú padà. Lórí Windows 10, ẹ tẹ Web browser nínú Default apps kí ẹ yan tiyín, kí ẹ sì wá .pdf ní Choose default apps by file type.

2. Ẹ má jẹ́ kó máa jí ṣáájú yín. Ẹ ṣí Edge, ẹ lọ sí Settings rẹ̀, ẹ wọ System and performance. Ẹ pa Startup boost, kí ẹ sì pa èyí tó ní kí Edge máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á dé. Lórí láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ, ẹ ó rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, nínú Settings ti Windows, ẹ lọ sí Apps, Startup, kí ẹ pa Microsoft Edge bí ẹ bá rí i níbẹ̀.

3. Ẹ sọ ojú-ewé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ di òfìfo. Ẹ ṣí ojú-ewé tuntun nínú Edge, ẹ tẹ àmì jíà tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ pa ìròyìn àti àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ ṣèèṣì ṣí lọ́jọ́ kan, kò ní jẹ dátà yín.

4. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Delete pọ̀, ẹ yan All time, kí ẹ nu ohun gbogbo. Ẹ má ṣe yí bí wọ́n ṣe tẹ̀léra yìí padà. Bí ẹ bá nu ún nígbà tí àkáǹtì ṣì wà nínú rẹ̀ tí sync (ohun tó ń mú kí gbogbo ẹ̀rọ yín bára mu) sì wà ní títàn, á nu tinú fóònù àti kọ̀ǹpútà yín yòókù pẹ̀lú.

5. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ àmì rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan Unpin from taskbar. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Personalization, Taskbar, kí ẹ pa Widgets, nítorí ohunkóhun tí ẹ bá tẹ̀ nínú Widgets, Edge ló ń ṣí i, ohun yòówù kí ẹ ti yàn.

6. Àpótí ìwádìí inú Start náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá fáìlì kan tí kò rí i, á lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì ṣí Edge. Láti dá èyí dúró, ẹ wá Command Prompt, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ ẹ́, ẹ yan Run as administrator, kí ẹ kọ ìlà yìí sí i bó ṣe rí gan-an:

reg add HKCU\Software\Policies\Microsoft\Windows\Explorer /v DisableSearchBoxSuggestions /t REG_DWORD /d 1 /f

Ẹ tẹ Enter, kí ẹ sì tẹ Restart. Láti ìgbà náà, inú kọ̀ǹpútà yín nìkan ni Start á ti máa wá nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ kọ ìlà kan náà, kí ẹ fi 0 rọ́pò 1.

Ẹ má dí ìmúdójúìwọ̀n Edge lọ́wọ́ o. Mo ti rí àwọn tó pa iṣẹ́ tó ń gbé e wá nítorí ìbínú. Níwọ̀n ìgbà tí ètò náà bá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, àlàfo tí wọn kò dí nínú rẹ̀ jẹ́ àlàfo nínú ògiri ilé yín, bí ẹ kò tilẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Mac, Ubuntu àti Chromebook

Safari kò ṣeé yọ lórí Mac. Láti ìgbà El Capitan (orúkọ ẹ̀dà kan lára ètò tó ń darí Mac), ní 2015, ni Apple ti ń dáàbò bo àwọn fáìlì tó jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, nígbà tó sì di Big Sur ní 2020, wọ́n fi òǹtẹ̀ dí apá tí ẹ̀rọ náà ń gbé pátápátá. Ẹ lọ sí System Settings, Desktop & Dock, ẹ wá Default web browser, kí ẹ yan tiyín. Lórí Mac tí ẹ̀dà rẹ̀ ṣáájú Ventura, inú System Preferences, ní General, ló wà. Ẹ wá fi apá ọ̀tún máòsì tẹ Safari nínú Dock, ẹ yan Options, Remove from Dock.

Ubuntu rọrùn ju gbogbo wọn lọ. Láti ẹ̀dà 22.04, snap, ìyẹn irú àpò kan tí Ubuntu fi ń kó ètò wọlé, ni Firefox tó wà níbẹ̀. Ẹ gbé òmíràn wọlé ná, kí ẹ wá ṣí Terminal, kí ẹ kọ:

sudo snap remove --purge firefox

Ọ̀rọ̀ náà --purge ń kó gbogbo ohun tí ẹ fi pamọ́ lọ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ ti gbọ́dọ̀ kó ẹrù yín jáde. Bí ẹ bá sì kọ sudo apt install firefox lọ́jọ́ iwájú, snap yẹn náà ló máa gbé padà wá fún yín.

Lórí Chromebook, Chrome ni gbogbo ẹ̀rọ náà dúró lé. Kò sí ohun tí a fẹ́ yọ níbẹ̀.

Ẹ dán an wò

Ẹ tẹ Restart lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ tẹ líǹkì kan nínú ímeèlì yín, ẹ ṣí PDF kan, kí ẹ sì ṣí ojú-ewé kan tí ẹ ti fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí aṣàwákiri tí ẹ yàn ṣí líǹkì àti ojú-ewé náà, kí PDF sì ṣí nínú ohun tí ẹ yàn fún un. Ẹ ṣe ìdánwò kan náà lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n Windows ńlá èyíkéyìí, nítorí ìgbà náà ni Edge máa ń tún bẹ̀bẹ̀ fún àyè rẹ̀ pẹ̀lú ojú-ìwé aláwọ̀ búlúù tó ní kí ẹ lo àwọn ètò tí Microsoft fọwọ́ sí. Bí ó bá yọ, ẹ ka ohun tó wà lára bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan èyí tó ní kí ó má yí aṣàwákiri yín padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Task Manager, kí ẹ wo abẹ́ Details láì tíì ṣí ohunkóhun. Bí ẹ bá rí msedge.exe níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Startup boost ṣì wà ní títàn, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì lábẹ́ Edge. Bó bá jẹ́ msedgewebview2.exe lẹ rí, ẹ fi í sílẹ̀, ètò mìíràn lórí kọ̀ǹpútà yín ló ń lò ó.